Ìṣirò oògùn fẹ́ ba tèmi jẹ́ o, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì Ìbàdàn ẹ gbà mí

Àdùkẹ́ Nọ́ọ̀sì Lọ́la

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ òru. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Ọdún kejì ni mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan níbí n'Ìbàdàn, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Èmi kì í ṣe olódo o, anatomy mo mọ̀ ọ́n, tẹ́ ẹ bá ní kí n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì màá tẹ́ ẹ débi pé eṣinṣin á yọ̀ ṣubú lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò oògùn yìí, òun gan-an ni ọ̀tá ilé fún mi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo wà ní wọ́ọ̀dù ọmọdé, dókítà kọ gentamicin 30 mg fún ọmọ kan, ampoule (ìgò abẹ́rẹ́ kékeré) tó wà nílẹ̀ sì jẹ́ 80 mg nínú 2 ml. Sístà tó ń kọ́ mi níṣẹ́ ní kí n ṣírò ẹ̀ fún òun ká tó fà á. Mo ṣírò, mo tún un ṣe, mo ní 5.3 ml. Kò pariwo mọ́ mi o, ó kàn mú ampoule kan, ó gbé e sí iwájú ojú mi, ó ní "2 ml ló wà nínú eléyìí Àdùkẹ́, mélòó lo fẹ́ fọ́ fún ọmọ tí kò tíì lè rìn?" Ojú tì mí débi pé kí ilẹ̀ là kí n wọlé. Ìyá ọmọ yẹn sì jókòó síbẹ̀ tó ń wò mí, mo rí i bó ṣe rọra fa ọmọ ẹ̀ mọ́ra.

Ìyẹn nìkan kọ́. Nínú ìdánwò tá a ṣe, wọ́n ní normal saline (omi iyọ̀) 500 ml máa wọlé fún wákàtí 4, giving set yẹn, rọ́bà tí omi ń gbà wọ ara, ẹ̀kán 20 ló wà nínú ml kan, ẹ̀kán mélòó ló máa kán ní ìṣẹ́jú kan? Èmi kọ 2,500. Olùkọ́ wa fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé "Ṣé omi dáàmù Ẹlẹ́yẹlé lo já sí i lára ni?" Gbogbo kíláàsì ló ti gbọ́, orúkọ tí wọ́n ń pè mí báyìí ni Ẹlẹ́yẹlé.

Ìdánwò míì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ méjì sí i. Báwo lẹ̀yin ṣe mọ̀ ọ́n? Fọ́múlà yẹn mo ti há a sórí, àmọ́ tí mo bá fẹ́ lò ó mi ò kí ń mọ èyí tó yẹ kó wà lókè àtèyí tó yẹ kó wà nísàlẹ̀. Ìkejì, kí lẹ máa ń wò gan-an tí wọ́n bá ní ká yẹ aláìsàn wò ká tó fún un lóògùn? Èmi máa ń kọ vital signs (ìgbóná ara, lílù ọkàn, èémí, BP) sílẹ̀ ni, màá sì kọjá.

Ẹ̀gbọ́n Wọ́ọ̀dù Ọmọdé

Ẹlẹ́yẹlé, pẹ̀lẹ́ o 😂 Má jẹ́ kó bà ẹ́ nínú jẹ́, kò sẹ́ni tí ò ní ìtàn tiẹ̀ nínú wa, àwọn kan kàn ń fi tiwọn pamọ́ ni.

Fọ́múlà yẹn gan-an ni wàhálà ẹ, o ti há a sórí kó o tó mọ nǹkan tó ń sọ. Pa á tì ná. Gbà pé o lọ sọ́jà Bódìjà, wọ́n ń ta gàrí kóńgò 2 ní 800 náírà (mo mọ̀, owó àtijọ́ ni, ẹ jẹ́ ká kàn fi ṣeré), 300 ló wà lọ́wọ́ ẹ. Ṣé wàá gbé àpò kalẹ̀ kó o ní kí ìyá onígàrí wọn kóńgò 5 lé díẹ̀ fún ẹ? Á ní ṣé kò sí o. Kóńgò kan jẹ́ 400, owó ẹ ò tó kóńgò kan, o mọ bẹ́ẹ̀ kó o tó lanu. Gentamicin yẹn náà nìyẹn. 80 mg nínú 2 ml, ìyẹn ni pé 40 mg ló wà nínú 1 ml. 30 ò tó 40, nítorí náà ohun tó o máa fà ò lè pé 1 ml, kò sì lè jẹ́ ààbọ̀ ml torí 20 ló wà nínú ààbọ̀. O ti mọ̀ pé àárín ààbọ̀ sí ẹyọ kan ló wà, o ò sì tíì fọwọ́ kan bírò. Ìgbà yẹn ni kó o wá pe fọ́múlà: èyí tí dókítà ń fẹ́ ló ń wà lókè, èyí tó wà nínú ìgò nísàlẹ̀, kó o wá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú omi tó gbé e. 30 lórí 80, lọ́nà 2, ó jẹ́ 0.75 ml. Tó o bá ṣèèṣì gbé e sódì tí 5.3 jáde, ojú ẹ á ti sọ fún ẹ pé irọ́ ni kí sístà tó sọ ọ́.

Ti dírípù yẹn, ìṣẹ́jú ni wọ́n bi ẹ́, ìwọ fi wákàtí pín in. 500 lọ́nà 20, ẹ̀kán 10,000 ló wà nínú àpò omi yẹn. Wákàtí 4 jẹ́ ìṣẹ́jú 240. Pín in, 41.67, kọ 42 torí kò sẹ́ni tó lè ka ìdá ẹ̀kán. Lọ dúró ti aláìsàn kan tó ń gba omi lọ́wọ́, gbé aago ẹ sókè, kí ojú ẹ wà lára ike kékeré tó ń kán sí yẹn, kà á fún ìṣẹ́jú kan. Tó o bá ti ka 42 lójú ara ẹ lẹ́ẹ̀kan, 2,500 ò ní lè jáde látọwọ́ ẹ mọ́. Kó o sì máa wo ara ọ̀rá giving set kó o tó ṣírò, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, èyí tá a sábà ń lò fún àgbà jẹ́ 20, òmíì 15, soluset tá a ń lò fún ọmọdé jẹ́ 60. Ti soluset ló dùn jù torí ẹ̀kán 60 nínú ml kan, ìṣẹ́jú 60 nínú wákàtí kan, wọ́n pa ara wọn rẹ́, tí wọ́n bá ní 30 ml ní wákàtí kan, ẹ̀kán 30 ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn, ó parí.

Èyí tó máa ń gbé àwọn student ṣubú jù lójú tèmi ni oògùn tí wọ́n fi kílò ọmọ ṣe. Jẹ́ n fi artesunate ṣàlàyé ẹ̀ torí ibà ò tíì múra àtikúrò n'Ìbàdàn. Ọmọ tí kò tó 20 kílò, 3 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan, láti 20 kílò lọ títí dé àgbà, 2.4 mg. Ọmọ 12 kílò, 36 mg. Vial yẹn jẹ́ 60 mg, lẹ́búlẹ́bú ni, bicarbonate 1 ml tó bá a wá lo máa kọ́kọ́ fi pò ó, wàá máa rọra yí i títí á fi mọ́ kedere, tó bá ṣì ṣú bí omidùn, dà á nù. Ibi tó ti le nìyí o. Tó bá jẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ, saline 5 ml lo máa fi kún un, gbogbo ẹ̀ di 6 ml, 10 mg nínú ml kan, ọmọ yẹn á gba 3.6 ml. Tó bá jẹ́ itan lo fẹ́ gún un sí, saline 2 ml péré, gbogbo ẹ̀ di 3 ml, 20 mg nínú ml kan, ọmọ yẹn á gba 1.8 ml. Ọmọ kan náà, 36 mg kan náà, omi inú sírínjì ti di ìdajì. Nítorí náà tó o bá bá vial tẹ́nì kan ti pò sílẹ̀ lórí tíréè, tí kò kọ iye omi tó fi sí i, má lò ó, kódà kó jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ ló pò ó. Tó bá sì ti lé ní wákàtí kan dídànù náà ni.

Kílò yẹn gan-an, ìwọ fúnra ẹ wọ̀n ọ́n. Mo ti bá ọmọ kan lórí òṣùwọ̀n rí, súwẹ́tà wà lọ́rùn ẹ̀, fìlà wà lórí, bàtà wà lẹ́sẹ̀, pámpà tó ti kún fún ìtọ̀ wà nídìí, ìwé ẹ̀ ní 10.4. A bọ́ gbogbo ẹ̀, 9.1. Ṣé ẹ rí i, kílò kan lé odindi ni oògùn ì bá fi ṣìnà ká tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rárá.

Ṣe méjì yìí kó o mú un wá síbí. Omi lítà 1 fún wákàtí 8, giving set 20. Lẹ́yìn náà ọmọ oṣù 10, 9 kílò, ara ẹ̀ gbóná, paracetamol 15 mg fún kílò kan, sírọ́ọ̀pù tó wà nílẹ̀ jẹ́ 125 mg nínú 5 ml.

Oníkẹ́mísì Mọ́kọ́lá

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ tán, èmi kàn fẹ́ dúró lórí paracetamol yẹn díẹ̀ torí ojoojúmọ́ ni mò ń rí i lórí káńtà. Sírọ́ọ̀pù, 5 ml jẹ́ 125 mg. Drops, èyí tó máa ń ní ọ̀pá kékeré tí wọ́n fi ń kán an sẹ́nu ìkókó, 1 ml péré ti tó 100 mg. Orúkọ kan náà, páálí ẹ̀ jọra wọn, òmíì tiẹ̀ dùn ju èkejì lọ. Ìyá ra sírọ́ọ̀pù lóṣù tó kọjá, wọ́n ní ṣíbí kan, lóṣù yìí drops ló bá níta, ó tún bu ṣíbí kan. 500 mg nìyẹn fún ọmọ 8 kílò tó yẹ kó gba 120, ó ju ìlọ́po mẹ́rin lọ, tó bá wá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́ ẹ̀dọ̀ ọmọ ló ń jà. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ọmọ náà lè máa ṣeré lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bíi pé nǹkan kan ò ṣe é.

Àdùkẹ́, kó o sì máa ṣọ́ òdo. Kọ òdo ṣáájú pọ́íntì, 0.5, torí tí bírò ò bá yọ dáadáa .5 á di 5. Má kọ òdo sẹ́yìn ẹ̀, 5.0 á di 50. Insulin, kọ unit kó jáde tán, má kọ U, mo ti rí ìwé tí 10U ti di 100 lójú ẹni tó kà á. Ọlọ́run ló yọ ẹni yẹn, ẹni tó fẹ́ fà á ló rí i pé sírínjì òun máa kún, ló bá padà lọ béèrè.

Ìyá Ìbejì

Ẹ jọ̀ọ́ èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì o, mo kàn ń kà á lọ ni ara mi bù máṣọ. Ṣíbí tá a fi ń jẹ ìrẹsì nílé ni mo máa ń fi bu oògùn fáwọn ọmọ. Ṣé ó tóbi jù ni?

Oníkẹ́mísì Mọ́kọ́lá

Ìyá Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀. 5 ml ni ṣíbí tí wọ́n ń sọ, ṣíbí ìrẹsì lè gba ìlọ́po méjì ẹ̀, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti ilé kan ò sì jọ ti ilé kejì. Ike kékeré tó bá oògùn wá ni kẹ́ ẹ máa lò, tàbí kẹ́ ẹ ra sírínjì 5 ml kẹ́ ẹ yọ abẹ́rẹ́ ẹ̀ dànù. Kẹ́ ẹ tó bù ú, ẹ wo ara ìgò, ibi tí wọ́n ti kọ mg mélòó nínú ml mélòó. Àwọn ìbejì ń kọ́?

Ìyá Ìbejì

Wọ́n wà o, ẹ ṣé, wọ́n ń já ilé kalẹ̀ lọ́wọ́. Mo ń lọ wá ike yẹn.

Ọmọ Agbowó

Ẹ̀yin ará mi, ṣé láyé yìí náà la ṣì ń jókòó ka ẹ̀kán omi? Fóònù wà, app wà, nílùú òyìnbó ẹ̀rọ pump ló ń ṣe gbogbo ẹ̀, nọ́ńbà lo kàn máa tẹ̀. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yìí ní nǹkan ìsinsìnyí jàre, ṣebí japa náà ni gbogbo wọn máa padà ṣe.

Màmá Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ọmọ Agbowó, o káre. Fóònù dáa, èmi náà ní ọ̀kan, òun ni mo fi ń kọ èyí. Àmọ́ ohun tó o bá bi fóònù ló máa dá ẹ lóhùn. Tẹ 80 sókè, tẹ 30 sísàlẹ̀, á kó 5.3 fún ẹ tẹ̀rín tẹ̀rín, kò rí ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ti japa tó o wí yẹn, àwọn tó ń lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí NMC, àjọ tó ń ṣàkóso nọ́ọ̀sì wọn, ń ṣe fún nọ́ọ̀sì, ìṣirò oògùn wà níbẹ̀, apá kan gbáko ni. Kò sí ibi téèyàn fẹ́ sá gbà.

Àdùkẹ́ ọmọ mi, ìbéèrè ẹ kejì ni mo bá wá, gbogbo wọn ló fò ó kọjá.

Ọdún 34 ni mo fi ṣiṣẹ́ yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ wọ́ọ̀dù ìbímọ ni. Nígbà tá a kọ́ṣẹ́, sírínjì gíláàsì la máa ń sè nínú omi gbígbóná. Àwọn tó kọ́ wa, òmíì nínú wọn ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Màmá Kofoworola Abeni Pratt ní UCH, ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ jẹ́ mátírọ́ọ̀nù níbẹ̀, wọn kì í bi ẹ́ ní iye ml kí wọ́n tó bi ẹ́ pé báwo lo ṣe bá aláìsàn ẹ.

Lóru ọjọ́ kan, ọsibítù tí mi ò ní dárúkọ, nọ́ọ̀sì méjì péré la wà fún wọ́ọ̀dù tó kún fọ́fọ́. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ní eclampsia, gìrì tí ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún máa ń fà, ó ti bímọ, magnesium sulphate, oògùn tó ń dá gìrì yẹn dúró, la ń fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí ẹ mọ̀ ọ́n, 4 g ló kọ́kọ́ ń gba iṣan ẹ̀jẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀, 10 g á lọ sí ìdí, 5 lápá ọ̀tún 5 lápá òsì, lẹ́yìn náà 5 g ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Ampoule 50%, 10 ml, 5 g géérégé ló wà nínú ẹ̀. Kò sí ìṣirò kankan níbẹ̀, odindi ampoule kan ni, ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é. Aago méjì òru lù, àkókò pé, mo fà á sínú sírínjì ńlá, mo fi lignocaine díẹ̀ sí i kó má baà dùn ún jù, mo gba ìdí bẹ́ẹ̀dì lọ.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ wo àpò ìtọ̀ ẹ̀. Mo ti fi plásítà sàmì síbi tí ìtọ̀ dé nígbà tó gba ti aago mẹ́wàá, ibẹ̀ náà ló ṣì wà, ká sọ pé ó fi ṣíbí kan lé. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ orúnkún ẹ̀, mo fi òòlù kékeré lù ú. Ẹsẹ̀ ò ta. Mo lu èkejì, kò ta. Mo pe orúkọ ẹ̀, ó dáhùn bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga. Mo gbé aago, mo ka èémí ẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan, 11. Ó yẹ kó tó 16 ó kéré tán kéèyàn tó fún un ní òmíì.

Mo gbé sírínjì yẹn sílẹ̀. Dókítà dé, calcium gluconate 10%, oògùn tó ń ṣẹ́gun magnesium, ló fà, 10 ml, ìyẹn 1 g, ó rọra ń tì í wọ iṣan ẹ̀, èmi ń ka èémí. 11. 12. 14. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti ń béèrè pé ọkùnrin ni àbí obìnrin.

Ìdí tí mo fi wo ìtọ̀ ni pé kíndìnrín ló ń lé magnesium jáde lára. Tí kò bá tọ̀ tó 30 ml ní wákàtí kan, èyí tó gbà tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, tuntun á wá gùn ún lórí. Orúnkún ló kọ́kọ́ ń dákẹ́, tẹ́ ò bá gbọ́ tiẹ̀, èémí á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ọkàn. Kò sí àṣìṣe kankan nínú ìṣirò mi lóru ọjọ́ yẹn o. Oògùn pé, 5 g pé, àkókò pé, orúkọ aláìsàn pé. Ká ní mo gún un ni, ìwé ò ní bá mi wí, obìnrin yẹn á sì ti kú.

Èémí yẹn, má sọ fún aláìsàn pé o fẹ́ kà á, á yí i padà. Di ọwọ́ ẹ̀ mú bíi pé lílù ọkàn lò ń kà, kí ojú ẹ wà láyà ẹ̀. Ẹ má sì fi ìṣẹ́jú àáyá 15 kà á kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Mo mọ̀ yín. 20, 20, 20 láti òkè ìwé dé ìsàlẹ̀, bíi pé gbogbo wọ́ọ̀dù ló ń mí pọ̀.

Nọ́ọ̀sì Òru

Màmá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín, 20 20 20 yẹn, ẹni tó bá mọ̀ pé òun ni kó jáde síta.

Tèmi ò gùn. Insulin tí wọ́n ń pè ní soluble, èyí tó mọ́ kedere yẹn, ààbọ̀ wákàtí ṣáájú oúnjẹ la ń gún un, a sì máa ń kọ 6.30 àárọ̀ sí i. Ó dáa. Lọ́jọ́ kan mo dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá kan pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ẹ̀, mo bi wọ́n pé Bàbá kí lẹ fẹ́ jẹ, wọ́n ní ọmọ àwọn ń gbé ògì àti mọ́ínmọ́ín bọ̀ láti Apátá. Apátá! Pẹ̀lú súnkẹrẹ fàkẹrẹ àárọ̀, ọmọ yẹn lè wà nínú máíkírà títí aago mẹ́sàn-án. Mo wọn ṣúgà wọn, 84 mg/dl. Tí mo bá gún insulin yẹn kí mọ́ínmọ́ín tó dé Dùgbẹ̀ wọ́n ti ń làágùn, ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ wọn á máa dàrú. Tó bá ti já wálẹ̀ ju 70 lọ ìjàngbọ̀n ti dé nìyẹn. Mo pe dókítà, a dúró de mọ́ínmọ́ín.

Ìyókù ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Digoxin, oògùn ọkàn, fi stethoscope sí àyà, ka lílù ọkàn fún odindi ìṣẹ́jú kan, tí kò bá tó 60 nínú àgbà, dá a dúró, pe dókítà. Morphine, oògùn ìrora líle, ka èémí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, BP kó o tó fún un, kì í ṣe lẹ́yìn tó o fún un tán. Potassium chloride, má ti ampoule ẹ̀ wọ iṣan tààrà láéláé, inú àpò omi ló ń lọ, kó o sì pò ó dáadáa, ọkàn ló ń dá dúró. Tí wọ́n bá ní kó o ka GCS, òṣùwọ̀n bí aláìsàn ṣe mọ ara ẹ̀ tó, àwọn Teasdale àti Jennett tó ṣe é ní Glasgow ní 1974 ò fi òdo sí i o, 3 ló kéré jù, òkú gan-an 3 ló máa gbà. Mo ti rí ìwé tẹ́nì kan kọ 0 sí.

Ọmọ Agbowó

Màmá, mo dọ̀bálẹ̀. Mi ò gbọ́ ti orúnkún yẹn rí. Àmọ́ app mi, mi ò ní yọ ọ́ o.

Màmá Nọ́ọ̀sì Àgbà

Má yọ ọ́. Ṣe tìẹ lórí ìwé ná, kó o wá fi yẹ ara ẹ wò. Tí èsì méjèèjì bá jà, pe ẹnì kẹta.

Àdùkẹ́ Nọ́ọ̀sì Lọ́la

Ẹ kú àárọ̀ o gbogbo yín, ẹ̀yin Màmá ẹ kú àdúrótì. Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé, mo sì lọ dúró ti dírípù kan lánàá, mo kà á, ó ń kán 60 nígbà tó yẹ kó jẹ́ 42, mo sọ fún sístà, wọ́n yí i wálẹ̀, wọ́n ní Ẹlẹ́yẹlé ti ń ti omi 😂

Iṣẹ́ tí Ẹ̀gbọ́n fún mi nìyí. Lítà 1 fún wákàtí 8: 1,000 lọ́nà 20 jẹ́ ẹ̀kán 20,000, wákàtí 8 jẹ́ ìṣẹ́jú 480, ó jẹ́ 41.67, 42. Mo rí i pé èsì ti ìjọ́sí náà ni, omi di ìlọ́po méjì, àkókò náà di ìlọ́po méjì, Ẹ̀gbọ́n ẹ fẹ́ mú mi ni. Ti ọmọ yẹn, 9 lọ́nà 15 jẹ́ 135 mg. 5 ml ló gbé 125, 135 fi díẹ̀ ju 125 lọ, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ ju 5 ml lọ, kò lè dé 6 torí 6 jẹ́ 150. 135 lórí 125, lọ́nà 5, ó jẹ́ 5.4 ml. Sírínjì ni màá fi bù ú, kì í ṣe ṣíbí.

Ẹ̀gbọ́n Wọ́ọ̀dù Ọmọdé

Ó pé, méjèèjì pé. Àmọ́ ọmọ yẹn ṣì wà níwájú ẹ o, ìyá ẹ̀ gbé e dání. Kí lo máa ṣe kó o tó kán an sí i lẹ́nu?

Àdùkẹ́ Nọ́ọ̀sì Lọ́la

Màá bọ́ súwẹ́tà ẹ̀, màá tún un wọ̀n. Tẹmọ́mítà. Màá ka èémí ẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan nígbà tí kò sunkún, oṣù 10 ni, tó bá ti tó 50 ó ti yára jù. Màá wò ó bóyá ó ń mu ọmú, bóyá ó ń wo ojú ìyá ẹ̀, bóyá ó ti ní gìrì.

Ẹ̀gbọ́n Wọ́ọ̀dù Ọmọdé

O káre. Ó ku ọ̀kan.

Àdùkẹ́ Nọ́ọ̀sì Lọ́la

Ah. Màá bi ìyá ẹ̀: Ìyá ọmọ, ìgbà wo lẹ fún un ní oògùn ibà kẹ́yìn?

Ẹ̀gbọ́n Wọ́ọ̀dù Ọmọdé

Aago márùn-ún ìdájí. Ìyá ẹ̀ ní ṣíbí kan lòun fún un. Aago méje ṣẹ̀ṣẹ̀ lù báyìí.

Àdùkẹ́ Nọ́ọ̀sì Lọ́la

Ẹ jọ̀ọ́ ìyá ọmọ, ẹ jẹ́ n rí ìgò ẹ̀.